Ìwé Ìròyìn Inú Ihò Colin

Malcolm Greenwood kì í ṣe ẹni tó máa ń ṣèlérí. Nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun kápẹ́ẹ̀tì ní Todmorden nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tó ti ń di ẹrù sínú ọkọ̀, bí ọ̀gá bá bi í pé ṣé iṣẹ́ á parí lónìí, èsì tó máa ń fún un kò ju "A óò rí i" lọ. Ọkùnrin tó ń sá fún ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló wá lọ dá ìwé ìròyìn sílẹ̀ lọ́dún 1982, tó sì ṣe ìlérí tó fẹ́ẹ̀ gba orun lójú rẹ̀.

Eré kan ló fà á. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, òun àti Denise tó ń ṣe nọ́ọ̀sì máa ń lọ sílé Colin Barraclough ọ̀rẹ́ wọn, tó ń bá ìyá rẹ̀ gbé. Colin á gbé páálí dúró lórí tábìlì nínú yàrá rẹ̀ lókè, á jókòó sẹ́yìn rẹ̀, á sì máa ṣàpèjúwe ihò ńlá kan tó wà lábẹ́ òkè: ọ̀nà tó ṣókùnkùn, omi tó ń kán, ohun kan tó ń mí lẹ́yìn ògiri. Malcolm á di jagunjagun, Denise á di àjẹ́ tó ń fọwọ́ tan iná. Wọ́n á sọ ohun tí wọ́n ṣe, Colin á ju dáìsì, dáìsì á sọ bó ṣe rí. Àgbàlagbà ni wọ́n o! Àwọn ará àdúgbò ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn náà sì ń rẹ́rìn-ín àwọn ará àdúgbò tó jẹ́ pé ìran bọ́ọ̀lù nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n wò.

Colin ló ya ihò náà sórí bébà onílà wẹ́wẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ṣeré kò gbọdọ̀ wo àwòrán yẹn, àfi ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti dé. Ẹni tó bá yọjú wo ibi tí kò tíì dé ti ba eré náà jẹ́ fún ara rẹ̀, kò sì sí àtúnṣe.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, wọ́n dé ẹnu ilẹ̀kùn irin kan nínú ihò. Denise ti gbé ọwọ́ lé e kí Colin tó sọ pé ilẹ̀ ti ṣú, ó di ìgbà mìíràn. Ikú ò dọ́jọ́. Kí ọjọ́ Àìkú mìíràn tó pé, Colin ṣubú níbi tó ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, ọkàn rẹ̀ sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

Níbi ìsìnkú ni Malcolm ti di ọwọ́ ìyá Colin mú, tó ní orúkọ Colin kò ní parẹ́. Bó ṣe dá ìwé ìròyìn sílẹ̀ nìyẹn fún gbogbo àwọn tó ń ṣe irú eré yìí káàkiri orílẹ̀-èdè. Ó sọ ọ́ ní *Àtùpà Inú Ihò*. Ó sì kéde pé gbogbo ihò Colin ló máa jáde nínú ẹ̀dà mẹ́rin, láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí, kò ní ku ẹyọ kan. Ó kéde bẹ́ẹ̀ láìwo àwòrán náà. Báwo ló ṣe fẹ́ wò ó? Òun náà ń ṣeré! Ẹyin lọ̀rọ̀. Kí Malcolm tó ronú dé ibẹ̀, àwọn èèyàn ti ń forúkọ sílẹ̀ láti Leeds títí dé Aberdeen.

Ẹ̀dà àkọ́kọ́ rọrùn, nítorí ibi tí wọ́n ti rìn dé ló wà nínú rẹ̀. Mìsíìsì Barraclough, ìyá Colin, ló da àwòrán náà kọ. Iṣẹ́ aṣọ gígé ló ṣe títí tó fi fẹ̀yìn tì, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Malcolm tẹ ọ̀rọ̀ ní tàìpù, wọ́n fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń fọwọ́ yí tẹ̀ ẹ́ jáde, Denise sì fi pín-ìn-nì kàn án pọ̀, gbogbo ìka wọn dúdú fún yíǹkì. Inú Malcolm dùn débi pé ó gbàgbé láti bẹ̀rù.

Ìgbà tó kan ẹ̀dà kejì ni ẹ̀rù wá dé. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn irin ló kàn.

"Ṣé kí n kúkú wò ó ni?" Malcolm bi Denise.

"Wò ó kó o rí i. Mi ò ní bá ẹ sọ̀rọ̀ mọ́ títí ayé."

"Àwọn èèyàn ń retí ìwé, Denise."

"Ìwọ lo lanu gbàgà ṣèlérí. Èmi kọ́."

Mìsíìsì Barraclough gbé tíì wọlé bá wọn lórí àríyànjiyàn yìí. Obìnrin yìí kò ṣe eré náà rí láyé rẹ̀. Ohun tó máa ń sọ kò ju "Ẹ tún ti wà nínú ihò yín?" lọ. Lọ́jọ́ yẹn, ó gbé tíì kalẹ̀, ó wo àga ọmọ rẹ̀.

"Ẹ jókòó," ó ní. "Èmi á jókòó sí àyè rẹ̀. Ẹ̀yin ẹ rìn ín, èmi á yà á."

Ó tẹ́ bébà Colin sílẹ̀ sẹ́yìn páálí. Denise rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Ó dáa. Mo ṣí ilẹ̀kùn."

Obìnrin náà tẹjú mọ́ bébà náà. Ó tẹjú mọ́ ọn títí Malcolm fi rò pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń kà á. Ó wá gbójú sókè, ó ní, "Ó dá yín lójú?"

Bí Colin ṣe máa ń sọ ọ́ gan-an nìyẹn kí ewu tó dé.

Obìnrin náà ní ẹ̀rọ ìhunṣọ ló kún inú yàrá náà, wọ́n ń ṣiṣẹ́, kò sì sí ẹnì kankan nídìí wọn. Irun èèyàn ni wọ́n fi ń hun aṣọ. Denise bi í bí aṣọ náà ṣe rí lọ́wọ́, ó ní ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kò wo bébà kó tó dáhùn. Tíì tó wà níwájú Malcolm tutù láìjẹ́ pé ó fẹnu kàn án.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́jọọjọ́ Àìkú nìyẹn, ẹ̀dà kejì jáde, ẹ̀kẹta jáde. Ọkùnrin kan ní Aberdeen kọ̀wé pé àwọn tó ń bá òun ṣeré kọ̀ jálẹ̀, wọn kò wọ yàrá ẹ̀rọ ìhunṣọ yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n ń yin Colin. Malcolm ń ka ìyìn náà fún ìyá Colin, ìyá ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì ń rù sí i. Denise ló kọ́kọ́ kíyè sí i pé kì í fọwọ́ kan oúnjẹ mọ́.

Ó ku ẹ̀dà kan nígbà tí òtútù dá obìnrin náà dùbúlẹ̀ sórí àga ní ìsàlẹ̀ ilé. Àwọn kan ń béèrè ẹ̀dà kejì, bẹ́ẹ̀ bébà tí wọ́n fi tẹ yàrá ẹ̀rọ ìhunṣọ sì ti ya. Malcolm ní òun fúnra òun á tún un dà kọ láti inú àwòrán Colin. Ẹsẹ̀ òun ti débẹ̀, kò sí òfin tí òun rú. Ó gòkè lọ sí yàrá Colin, ó ṣí fáìlì tí àwòrán náà wà nínú rẹ̀.

Ó rí ọ̀nà. Ó rí ilẹ̀kùn irin. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò rí nǹkan kan. Ilà wẹ́wẹ́ lásán ló wà níbẹ̀, kò sí ojú ibi tí wọ́n ti fi rọ́bà pa nǹkan rẹ́. Ó yẹ gbogbo bébà wò, òfìfo ni gbogbo rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ìyá Colin.

"Mìsíìsì Barraclough, kò sí nǹkan kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn."

"Mo mọ̀, ọmọ mi."

"Láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo jókòó sí àyè rẹ̀. Mo fẹ́ dìde kí n sọ fún yín ni. Ṣùgbọ́n Denise ní òun ṣí ilẹ̀kùn, mo sì gbọ́ ọ."

"Kí lẹ gbọ́?"

"O rò pé mi ò mọ ohùn ọmọ mi?" Ó fa aṣọ mọ́ra. "Ó ní yàrá kan ló kù."

Tó bá jẹ́ pé inú orí obìnrin yìí ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá, a jẹ́ pé irọ́ ló ń tẹ̀ jáde lórúkọ òkú. Tí kì í bá sì ṣe inú orí rẹ̀, ó tẹ́ Malcolm lọ́rùn kó má mọ̀. Ohun tó hàn sí i kedere ni pé ìyá Colin ti ń tẹ̀lé ohùn yẹn lọ díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tó yá tí òtútù rẹ̀ rọlẹ̀, ó ní kí wọ́n wá parí rẹ̀. Malcolm ti sọ gbogbo rẹ̀ fún Denise. Òòrùn ń ràn lójú fèrèsé, síbẹ̀ wọn kò bọ́ kóòtù.

"Yàrá kékeré ni," obìnrin náà wí láti ẹ̀yìn páálí. "Ọkùnrin kan jókòó, ó kọjú sí ògiri. Ó ń béèrè bóyá màmá òun ń jẹun."

Denise fọwọ́ bo ẹnu. Malcolm ní, "Mo sọ fún un pé ó ń jẹun dáadáa."

Obìnrin náà ju dáìsì, ó wò ó. "Kò gbà ẹ́ gbọ́."

"Kí ló fẹ́?"

"Ó ní kí ẹ jáde, kí ẹ ti ilẹ̀kùn. Atẹ́gùn ń wọlé bá a."

"Ẹ tì í nígbà náà, ẹ jọ̀ọ́," Malcolm wí.

"Èmi kẹ̀? Ẹni tó wà lẹ́yìn páálí kì í gbé ẹsẹ̀ fún ẹni tó ń ṣeré. Colin ò ní gbà." Ó fọwọ́ di etí páálí mú. "Ẹnu yín ló ti máa jáde, Malcolm. Mi ò tiẹ̀ fẹ́ kí ẹ sọ ọ́."

Malcolm wo ọwọ́ obìnrin náà létí páálí, tó ti gbẹ bí igi. Ó fẹ́ràn Colin. Ó fẹ́ kí ohùn náà máa sọ̀rọ̀ lọ ju ohunkóhun lọ.

"A jáde," ó wí. "Mo ti ilẹ̀kùn."

Obìnrin náà dẹtí. Ó dẹtí pẹ́, ó gbé orí sí apá kan, lẹ́yìn náà sí apá kejì. Nígbà tó yá, omijé bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lójú rẹ̀, Denise sì lọ bá a lẹ́yìn páálí. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n mú un lọ. Wọ́n din ẹyin fún un, ó sì jẹ ẹ́ tán.

Nígbà tí wọ́n ń ṣe ẹ̀dà kẹrin, Malcolm tẹ orúkọ Colin sísàlẹ̀ àwòrán yàrá kékeré náà. Ó ní òun fẹ́ fi orúkọ ìyá rẹ̀ kún un, kó lè jẹ́ òótọ́.

"Má fi orúkọ mi síbẹ̀," Mìsíìsì Barraclough wí. "Èmi ò mọ eré yẹn í ṣe."