Gìtá Béèsì Tí Bọ̀dá Fẹ́mi Ṣe ní Agbowó

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé fóònù mi lọ fún àwọn ọmọ tó ń tún un ṣe ní Ríìngì Róòdù. Bí ọ̀kan nínú wọn ṣe fi irin gbígbóná kan òjé tí wọ́n fi ń lẹ wáyà, tí èéfín rẹ̀ rú sí mi nímú, kíá ni ọkàn mi fò lọ sí Agbowó, sí ilé tí a háyà nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Òórùn Bọ̀dá Fẹ́mi nìyẹn. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin yòókù a máa ta sánsán lọ́fíńdà, òórùn òjé àti lẹ́búlẹ́bú igi ni tirẹ̀.

Àbúrò ìyá mi ni, ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé. Gìtá béèsì ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, èyí tí ohùn rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ tó máa ń mi àyà ẹni ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, ẹ má fi wá rẹ́rìn-ín o. Ó lọ gbé pákó ọ̀gànwó ní Bódìjà, ó fi ayùn rẹ́ ẹ, ó fi àfọ́kù ìgò fá a títí tó fi ń dán bí orí bàbá mi. Kò sẹ́ni tó bá a jà nítorí pákó. Nǹkan kékeré kan tó máa wà lábẹ́ okùn gìtá, tó máa gbé ohùn lọ sínú ẹ̀rọ, òun ló dá wàhálà sílẹ̀. Ó yọ òòfà lára sípíkà tó ti bàjẹ́, ó wá ń wé wáyà pupa tín-ín-rín yí i ká, ìgbà ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ. Kò gbọ́dọ̀ ṣì í kà. Nítorí náà, ẹnu rẹ̀ a máa mì láìsí ohùn, bí o bá sì kí i, kò ní dá ọ lóhùn.

Ní àkókò yẹn gan-an, oyún Màmá mi ti kọjá ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní ká ní sùúrù. Màmá Bísí, aránṣọ tí yàrá rẹ̀ kángun sí tiwa, kò ní sùúrù kankan lára.

"Àbí ẹ̀yin ò ríran ni? Òwú pupa! Ẹ wo ẹnu ẹ̀ bó ṣe ń jẹ wúyẹ́wúyẹ́. Oyún inú ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló ń dì yẹn, kó má bàa bí i. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani."

Màmá rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n gbọ́. "Fẹ́mi tí mo pọ̀n dàgbà?" Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bó bá bu omi wá fún wọn, wọn a gbé e kalẹ̀, wọn ò ní mu ún. Mo rí i, èmi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ Bọ̀dá Fẹ́mi. Mo ń gba ojú ihò kọ́kọ́rọ́ wò ó, mo ń tẹ́tí. N ò gbọ́ nǹkan kan, ìyẹn gan-an ló wá bà mí lẹ́rù jù.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, ó lọ ra okùn gìtá ní Dùgbẹ̀. Mo yọ́ wọ yàrá rẹ̀. Ó ku díẹ̀ kó wé wáyà náà tán. Mo wá orí rẹ̀, mo fà á. Mo tú u, mo ń tú u, ó ń ta kókó, ó ń já, ó ń gé mi níka, mo ń sunkún, mo ń wí pé, "Ọlọ́run jọ̀ọ́, má jẹ́ kí Màmá mi kú." Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo tú sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí oòrùn tó wọ̀, Màmá ti ń rọbí. Wọ́n bí ọkùnrin, wẹ́rẹ́.

Háà! Bọ̀dá Fẹ́mi dé, ó figbe ta, gbogbo ilé rọ́ wá, wọ́n sì rí wáyà nílẹ̀ yàrá rẹ̀ bí irun tí wọ́n fá. Màmá Bísí jó yí àgbàlá ká. Ó ní áńgẹ́lì ló tú u! Bọ̀dá Fẹ́mi wo ọwọ́ áńgẹ́lì náà, ó rí ibi tí wáyà ti gé e. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló sọ fún mi: "Lọ fi òróró pa á."

Lọ́jọ́ ìkómọ, wọ́n ń gbé ọmọ lọ́wọ́ sọ́wọ́, oníkálukú ń ṣàdúrà. Ó kan Bọ̀dá Fẹ́mi, ó ti tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. Màmá yára gba ọmọ, wọ́n ní ó fẹ́ mu ọyàn. Ọmọ náà ń sùn fọnfọn. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Bọ̀dá Fẹ́mi ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Challenge. Ibẹ̀ ló ti wé wáyà mìíràn láti orí ení. Wọ́n ní ohùn gìtá náà dùn púpọ̀, ṣùgbọ́n kò ta á nílé wa rí.

Lónìí, ẹ ó tẹ fóònù, wọn ó sì gbé èyí tí wọ́n ti wé tán wá bá yín ní Akóbọ̀. Ayé ti dára. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi báyìí tó ń dá sọ̀rọ̀ níwájú kọ̀ǹpútà láti àárọ̀, àwọn aládùúgbò sì ti ń sọ ohun tí wọ́n rò pé ó ń ṣe. Kí n má parọ́, èmi náà ti yọjú lójú wíńdò lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí Màmá darúgbó, ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́ kí n sùn mọ́, mo jẹ́wọ́ fún wọn. Mo ní, "Màmá, èmi ni mo tú wáyà Bọ̀dá Fẹ́mi. Wáyà gìtá lásán ni."

Wọ́n ní, "Mo mọ̀."

"Ṣé ẹ wá gbà pé Bọ̀dá Fẹ́mi ò ṣe yín ní nǹkan kan?"

Wọ́n ní, "Fẹ́mi? Fẹ́mi ò lè ṣe mí níbi láéláé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí o tú u náà ni mo bímọ."