Ìwé Atọ́ka Pius Ìgè

Pius Ìgè kì í pe àgbà lórúkọ. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn, ọdún mẹ́sàn-án tó fi ṣe akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ n'Íkẹ̀rẹ́ kò sì yí i padà.

Fáìlì bí irinwó ló wà lórí pẹpẹ rẹ̀. Nọ́ńbà nìkan ni wọ́n kọ sí ẹ̀yìn wọn. Ẹni tó bá ń wá ẹjọ́ kan yóò kọ́kọ́ wo ìwé atọ́ka, níbi tí orúkọ olúkúlùkù wà pẹ̀lú nọ́ńbà fáìlì rẹ̀. Láìsí ìwé yẹn, ọwọ́ kóòtù dè.

Ní 1956, nígbà tí kóòtù wà nísinmi, ikán jẹ ìwé náà. Èèpo rẹ̀ ṣì ń dán. Ìgbà tí Pius ṣí i ni erùpẹ̀ dà sí i lẹ́sẹ̀. Ó yẹ kó lọ sọ fún adájọ́, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù kí iṣẹ́ má bọ́ lọ́wọ́ òun kò jẹ́. Ó sun ìyókù níná, ó tú fáìlì wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fi ọjọ́ mọ́kànlá kọ ìwé atọ́ka mìíràn. Ó ṣiṣẹ́ kára, ẹ jẹ́ ká má purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ nígbà tó kan fáìlì Christiana Ayọ̀ọlá, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Obìnrin tó pọ̀n ọ́n nígbà tí ìyá rẹ̀ wà lórí àìsàn! Ó kọ "Ìyá Dọ̀tun" sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún gbogbo àgbà ìlú, òun sì mọ gbogbo wọn, kò ṣòro fún un láti lò.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ibà pọ́njú gbé e dé ọsibítù l'Adó. Bọ́lárìnwá, ará Òmùò, ni wọ́n fi dípò rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹjọ́ Christiana bọ́ sí. Akínyẹmí, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ti kú, ló fẹ́ gba oko kòkó lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé tí ọkọ náà tẹ̀ka sí, tó fi fún ìyàwó rẹ̀ ní oko, wà nínú fáìlì. Bọ́lárìnwá wá Christiana, ó wá Ayọ̀ọlá, kò rí ọ̀kan. Wọ́n sún ẹjọ́ síwájú lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kejì, adájọ́ ní kò síwèé, kò sẹ́jọ́. Akínyẹmí gba oko.

Nígbà tí Pius padà dé, kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi fa fáìlì náà yọ. Ó sáré tọ adájọ́ lọ, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Adájọ́ ní ẹjọ́ ti parí, kí Pius náà má wá síbi iṣẹ́ mọ́.

Pius bá Ìyá Dọ̀tun níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ro ọ̀rọ̀ náà délẹ̀, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá kò dá iṣẹ́ dúró.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kúrò n'úlé lọ dúró níwájú wọn," ló wí. "Mo sọ orúkọ mi. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ùwé. Ìgè, ṣé o mọ orúkọ mi?"

"Mo mọ̀ ọ́n, mà."

"Pè é kí n gbọ́."

Ó la ẹnu. Kò lè pè é.