Ife Tó Wà Lẹ́nu Mi Nínú Fọ́tò

Ní ilé wa ní Pearland, ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, láàárín àwọn ọdún 1990, àlejò kì í jókòó lásán. Bí ìyàwó mi bá ṣe ń gbé ìkòkò kaná ni èmi náà ń gbé álíbọ́ọ̀mù lé àlejò lórí ẹsẹ̀, kó máa wo fọ́tò títí oúnjẹ á fi jinná. Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe nìyẹn.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí àwọn òbí ọmọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ àbúrò mi wá mọ̀ wá láti League City, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá wa ti kú. Èmi ni mo máa fa àbúrò mi fún ọkọ níwájú lèmọ́mù. Álíbọ́ọ̀mù tó wà lókè pátápátá ni mo gbé fún Alhájà, ìyá ọkọ: ìrìn àjò tí èmi àti ìyàwó mi rìn lọ sí Sísílì, erékùṣù kan ní Ítálì.

Fọ́tò àkọ́kọ́ kò ní wàhálà. Àwókù ilé òrìṣà àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ ni, òpó òkúta gàgàrà lábẹ́ oòrùn. Mo ń ṣàlàyé bíi tíṣà. Mo ní ìyàwó mi bi ọmọbìnrin tó ń mú wa kiri pé kí ló dé tí wọn ò kan páànù sí i. Alhájà rẹ́rìn-ín, orí mi wú, wọ́n sì ṣí ojú ewé kejì.

Èmi rèé nínú ọgbà àjàrà, fìlà bàbá olóko lórí mi, ife wáìnì pupa lẹ́nu mi, mo dijú bí ẹni tó ti mọ adùn rẹ̀ tipẹ́. Mi ò mu ún o. Mo kàn fẹ́ kí ìyàwó mi tó gbé kámẹ́rà pariwo ni, ó sì pariwo, mo dá ife padà fún olóko. Ṣùgbọ́n fọ́tò kò fi ìyẹn hàn.

Alhájà rọra yí álíbọ́ọ̀mù sọ́dọ̀ Alhájì, ọkọ wọn. Àbúrò mi tó ń gbé omi bọ̀ rí i, ó dúró gbagidi láàárín pálọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé tó ni mo ń dún bí ọ̀mùtí tó. Ìyàwó mi sáré jáde láti kíṣìnì wá jẹ́rìí mi, àfi bó ṣe rántí ọjọ́ náà tí ẹ̀rín gbé e. Ìyẹn ló bà á jẹ́ pátápátá.

“Ọmọ yín wù wá,” Alhájà wí. “Ṣùgbọ́n ẹ bá wa wá ẹlòmíràn nínú ẹbí tó máa fà á fún wa.”

“Alhájà, eré ni mo ń ṣe.”

“Mo gbà yín gbọ́. Àwọn àlejò tó ti wò ó ṣáájú wa ńkọ́?”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rántí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: ìdajì ẹgbẹ́ àsàlátù wa ló ti jókòó sórí àga yẹn.

Àbúrò bàbá mi ló wá láti Dallas wá dúró ní ipò mi. Mo parọ́ fún un lórí fóònù pé ọ̀fun ń dùn mí, pé mi ò ní lè sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ yìgì, ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí, nítòsí bàtà àwọn èèyàn. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó dúró fún bàbá ìyàwó sọ̀rọ̀, àbúrò mi bojú wẹ̀yìn láti àárín àwọn obìnrin, ó ń wá mi. Mo tẹjú mọ́ kápẹ́ẹ̀tì.