Àwọn Tí A Pè Lábẹ́ Àpáta

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, lásìkò ọyẹ́, ní Ìsàn. Àwa mẹ́ta la wà ní ẹ̀yìnkùlé: èmi, àbúrò bàbá mi obìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Yèyé, àti ọmọ mi obìnrin tó ti Jámánì dé. Ìyá ọmọ náà ti kú lọ́dún tó ṣáájú. Eruku ọyẹ́ bo àpáta tó wà lẹ́yìn ìlú, ó dà bíi pé àpáta náà ń rìn jìnnà sí wa.

Lábẹ́ àpáta yẹn ni ogun ti pa àwọn èèyàn wa láyé àwọn bàbá bàbá wa. Kò sí òkúta ìrántí kankan níbẹ̀. Yèyé nìkan ló kù tó mọ orúkọ wọn, ó sì ti ń pè mí ní orúkọ bàbá mi nígbà mìíràn.

Ọmọ mi gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ oníkásẹ́ẹ̀tì kalẹ̀. "Yèyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n fún wa."

"Sínú àpótí yìí? Ṣé àpótí ni yóò jẹ́ ìpè wọn?"

"Ohùn yín ló máa gbà sílẹ̀, mà."

"Ọmọ Jámánì! Kò yé ọ."

Èmi ni mo ṣàlàyé. Mo pẹ́ kí n tó wọ ilé ìwé. Àṣà yìí ni mo kọ́kọ́ kọ́. Bí a bá pe ẹni tí ogun pa, ọmọ ìdílé rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ìpè náà pé, "Mo ti délé." Bí kò bá sí ẹni tó jẹ́, wọ́n ní òkú náà á tún padà sínú igbó. Àwọn tí ì bá dáhùn ti wà ní Èkó àti lókè òkun. Ìdí tí Yèyé kì í fi í pè wọ́n mọ́ nìyẹn.

Ọmọ mi wá sọ nípa igbó kan tó lọ ní Pólándì, níbi tí àwọn ọmọ ogun Násì láti Jámánì ti yìnbọn pa àwọn Júù ìlú kan, àtọmọdé àtàgbà. Ó ní ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀ bíi tìmùtìmù. Wọ́n kọ orúkọ wọn sára òkúta, wọ́n kó àwòrán àti ìwé wọn pamọ́ sílé kan, wọ́n sì máa ń pe orúkọ wọn lọ́dọọdún.

"Ta ní ń jẹ́ ìpè wọn?"

"Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ ẹ, Yèyé. Wọ́n kàn ń dúró ni. Àlejò ló pọ̀ níbẹ̀. Èmi náà dúró."

"O dúró fún òkú tí o ò mọ̀ rí?"

"Wọn ò ní ẹnikẹ́ni mọ́ ni, mà."

Yèyé wò ó títí. "Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ jókòó bí ẹni tó ń retí iyán."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín bí èéfín. A jẹ́ fún àwọn tiwa. Ó ń ṣe mí bíi pé wọ́n ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, eruku lára aṣọ wọn, tí wọn ò yára. Lẹ́yìn náà ló pe amọ̀kòkò kan, ọmọ ìdílé mìíràn. Kò sí ọmọ ìdílé rẹ̀ níbẹ̀ tí yóò jẹ́. Kásẹ́ẹ̀tì ń yí. Mo gbọ́ ohùn ara mi:

"Mo ti délé."

"Ìwọ tí kì í sọ̀rọ̀!" ni Yèyé wí. "Ó ti wọ ulé rẹ nìyẹn. Ọmọ ọmọ rẹ̀ kan wà ní Ìgbólé. Lọ sọ fún un lọ́la kí o tó jẹun."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ takisí lọ sí Ìgbólé. Mo bá ọkùnrin náà níbi tó ti ń sá kòkó. Mo ní a pe bàbá bàbá rẹ̀, mo sì bá a jẹ́. Ó ní kí n tún bàbá bàbá òun pè. Mo pè é. Ó ṣí fìlà, ó wo ọ̀nà tí mo gbà wá, ó sì jẹ́ ìpè náà: "Mo ti délé."