Nígbà Tí Tíṣà Wa Jókòó Ti Oúnjẹ Wa

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí láyè kí n tú èyí sílẹ̀, torí bí n kò bá sọ ọ́, àyà mi á bẹ́. Wàlláhì, oorun ti dá lójú mi.

Àbúrò mi ọkùnrin, Ràfíù, ló wálé láti London. Ìyá kan náà ló bí wa. Ó ti pẹ́ tó ti kúrò ní Òkìtìpupa. Ó kọ́kọ́ gbé Accra, ó ṣe díẹ̀ ní Dubai, kó tó wá balẹ̀ sí ìlú òyìnbó, níbi tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ẹ má rò pé fàájì ló bá wá o! Ṣe ló wá wò ó bóyá òun lè padà sílé pátápátá.

Ẹ ò mọ bí inú mi ṣe dùn tó! Ìyá wa kò lè dá dìde mọ́. Èmi nìkan ni mò ń gbé e, èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́, n óò tún sáré lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní iléèwé. Ẹ̀yìn ń dùn mí. Mo ti bẹ Ọlọ́run pé kó ṣáà bá mi dá Ràfíù padà, mi ò tún ní tọrọ nǹkan míì lọ́dún yìí.

Irọ́ ni o, n óò máa tọrọ. Àmọ́ ó yé yín.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo ní kó jẹ́ ká lọ jẹun ní Igbótako. A gun ọ̀kadà. Ẹ wá wo àbúrò mi, ó di ọlọ́kadà mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ jù sódò! Mo fi í ṣẹ̀sín títí a fi dé. Búkà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń se marúgbó, ọbẹ̀ dúdú wa yẹn, òórùn ewé rẹ̀ á ti pàdé yín ní títì. Mo ti pinnu pé púpurú, òkèlè ẹ̀gẹ́ wa, ni mo máa fi mú un. Ọmọ Ìkálẹ̀ wo ló máa jẹ púpurú gbígbóná tán, tí á tún ní òun ń padà sínú òtútù?

Wọ́n gbé e wá, púpurú, marúgbó, ẹja yíyan, pọ̀ǹmọ́ ńlá. Ràfíù bèèrè iye tó jẹ́, ó yọ fóònù, ó ṣírò, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní gbogbo ohun tí àwa méjèèjì fẹ́ jẹ yìí kò pé pọ́n-ùn mẹ́rin! Ó ní lọ́dọ̀ àwọn, búrẹ́dì tí wọ́n fi ẹyin há láàárín ni wọ́n ń ta iye yẹn, ìdúró lèèyàn á sì jẹ ẹ́. Tí òun bá jókòó sí ilé oúnjẹ gidi, abọ́ kan lè tó ogún pọ́n-ùn, ìdí nìyẹn tí òun kì í fi í jókòó.

Ó ní ní Accra, òun ṣì ń ra kẹńkẹ́ àti ẹja nígbà tó bá wu òun. Ní Dubai, ṣe ni àwọn tó ń gbé yàrá kan náà ń dáwó jọ se ìrẹsì. Ní London wá ńkọ́? Rẹ́ńtì yàrá kótópó kan ti ń jẹ ju ìdajì owó oṣù òun lọ.

Mo ń gbọ́, inú mi ń dùn. Mo ní kó máa bọ̀ nílé jàre! Mi ò jẹ́ sọ fún un pé odidi owó oṣù tèmi kò lè ra abọ́ mẹ́ta nínú ilé oúnjẹ tó ń sọ yẹn. Ẹni tó ń fa ẹja bọ̀ létí odò, ṣé ó máa ń pariwo?

Bí a ṣe ń jẹun lọ́wọ́ ni bàbá kan wọlé. Tíṣà tó kọ́ àwa méjèèjì ní prámárì ni. Ẹni tí gbogbo wa ń bẹ̀rù! Ó ti fẹ̀yìntì tipẹ́, ó ti gbẹ. Omi ló fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ ìyá olóúnjẹ. Ó rí wa, ó ní òun bá wa níre.

A jọ dá a lóhùn pé, "Ẹ wá jẹun, sà!"

Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹnu la fi ń pè é. Ẹni tí a pè á ní á gba ibi ire, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ta ni kò mọ̀? Tíṣà yìí gan-an ló máa ń nà wá tí a bá gba oúnjẹ níta!

Bàbá wẹ ọwọ́. Ó fa àga. Ó jókòó.

Ó ń jẹun lọ. Nígbà tó kan ẹja, ó dáwọ́ dúró, ó bi ìyá olóúnjẹ bóyá ọ̀rá wà, torí ìyàwó òun kò tíì jẹun láti àná. Ó wá wò wá. "Ẹ ṣé tí ẹ pè mí, ẹ̀yin ọmọ mi. Pẹ́ńṣàn tó ń wọlé, kẹ́mísì ló ń kó o lọ."

Ràfíù rọra ti abọ́ tirẹ̀ sún mọ́ ọn. Omi bọ́ lójú mi, mo ní ata ni.

Nígbà tí bàbá lọ tán, Ràfíù yí àga rẹ̀ sọ́dọ̀ mi. Ó wá bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé iṣẹ́ tí ẹ̀ ń ṣe kọ́ ni bàbá yẹn ṣe?"

Mo ní iṣẹ́ yẹn náà ni. Ó bèèrè owó oṣù mi. Mo sọ òótọ́ fún un. Ó ṣírò rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní iṣẹ́ á yọjú, mo ní a óò dáko ẹ̀gẹ́ ní Erinje. Ó mi orí. Ó ní, "Lọ́hùn-ún, èmi nìkan ni ebi ń pa. Tí mo bá wálé, gbogbo wa ni." Ó ní tí òun ò bá fowó ránṣẹ́ mọ́, ta ló máa wá ra oògùn ìyá?

Ó ti padà lọ. Ìyá bi mí lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, bí mo ṣe ń wẹ̀ ẹ́, bóyá torí pé òun ti di ẹrù ni ọmọ òun ṣe sá. Mo ní rárá. Kò gbà mí gbọ́.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò dùn ún gbọ́. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ìlú tí nǹkan ti rọ̀, ẹ má bèèrè iye tí wọ́n ń ta abọ́ kan, ẹ bèèrè iye tó ń wọ ọwọ́ ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́. Oúnjẹ wa kò wọ́n lójú ẹni tó mú pọ́n-ùn wá. Lójú tiwa ńkọ́?

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Canada, ní Cotonou, ní Àyèká níbí, ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀ kí n kà á. Ẹ kàn bá mi wò ó bóyá tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ládùúgbò yín ń jẹun yó. Kò pẹ́ mọ́ tí èmi náà máa fẹ̀yìntì.