Bí Ọmọ Mi Onílù Ṣe Di Ọmọ Ìkọ́ṣẹ́ Láì Kọ́ Iṣẹ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ bá mi jókòó díẹ̀, mo fẹ́ ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Sákẹ́tẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti rántí rẹ̀, ńṣe ni itọ́ ẹnu mi ń kan. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn jẹ ẹja tán kó tó mọ̀ pé ó ti rà.

Aránṣọ ni mí ní Pọ́bẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé mi ò kì í fi ojú díwọ̀n nǹkan, téèpù ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Ìdí nìyí tí inú fi ń bí mi sí ara mi. Gbólóhùn kan ṣoṣo tí mi ò wọ̀n kí n tó sọ ọ́ ló dá gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀.

Ọmọbìnrin mi, Sọláńjì, ẹni ọdún mọ́kànlélógún, ń lu bátìrì. Kì í ṣe bátìrì ọkọ̀ o. Àkójọ ìlù òyìnbó tí èèyàn ń jókòó sáàárín rẹ̀ lù ni, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní dírọ́ọ̀mù. Inú fáńfáà, ẹgbẹ́ onífèrè àti onílù ilé ìwé, ló ti bẹ̀rẹ̀. Láti ibẹ̀ ó bọ́ sí ìjọ wa, ó lùlù fún ẹgbẹ́ akọrin fún ọdún mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ló ní òun fẹ́ lọ bá ẹgbẹ́ olórin kan ní Sákẹ́tẹ́, àwọn tó máa ń ṣeré níbi ìnáwó òkú àti ìgbéyàwó.

Mo kọ̀. Mo ní ṣé ìjọ kò tó ni? Ló bá mú fóònù jáde, ó fi bàbá òyìnbó kan hàn mí, onílù rọ́ọ̀kì ará Ìlú Ọba. Irun rẹ̀ ti funfun, ó ṣì ń lùlù bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀ gbé. Ó ní ẹgbẹ́ mẹ́fà ni bàbá náà ti lùlù fún.

"Ẹgbẹ́ mẹ́fà? Sọláńjì, ẹni tó bá fẹ́ ọkọ mẹ́fà, ṣé wàá ní kí n wá yìn ín?"

"Màmá, ẹgbẹ́ kì í ṣe ọkọ. Ibi tó bá dé, ó kọ́ nǹkan, ó tún tẹ̀ síwájú."

Ó sọ ìtàn bàbá náà fún mi nígbà tí mo ń kan bọ́tìnnì mọ́ aṣọ. Ẹgbẹ́ àkọ́kọ́, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé ìwé ni. Èkejì lé e nígbà tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, awakọ̀ wọn ni wọ́n sì rán sí i pé kó má wá mọ́. Ẹ gbọ́ ìwà ìríra. Ẹ̀kẹta yá a fún ọ̀sẹ̀ méjì torí pé onílù tiwọn ń ṣàìsàn, ó wá lo ọdún mẹ́sàn-án níbẹ̀. Nígbà tó fi máa dé ẹ̀kẹfà, etí rẹ̀ òsì kò gbọ́ràn mọ́. Ọ̀rọ̀ etí yìí ni mo gbé lọ sórí ibùsùn. Láti ọjọ́ kejì ni mo ti ń ki òwú sínú báàgì ọmọ mi kó lè máa fi dí etí.

Nígbà tí mo rí i pé kò ní gbà, mo ní èmi fúnra mi ni yóò mú un lọ. Ọmọbìnrin kan láàárín ọkùnrin méje, ta ni ẹ̀rù kò ní bà? Mo ra obì, mo ra ìgò sódábì méjì, ògógóró tiwa níbí, a wọ tásíì lọ sí Sákẹ́tẹ́.

Ọ̀gá ẹgbẹ́ náà, gítà ló ń ta. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Pàtírọ́n ni gbogbo èèyàn ń pè é, bí àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ṣe ń pe ọ̀gá wọn lágbègbè wa níbí. Mo kúnlẹ̀, mo gbé obì àti ọtí síwájú rẹ̀, mo ní, "Pàtírọ́n, ọmọ rèé o. Mo fà á lé yín lọ́wọ́."

Ṣé ẹ rí gbólóhùn yẹn? Ohun tí àwọn òbí máa ń sọ fún èmi náà nìyẹn tí wọ́n bá mú ọmọ wá kọ́ ìránṣọ. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń gbọ́ ọ, ó ti mọ́ mi lẹ́nu. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kó bá mi ṣọ́ ọ, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n bí obì, ọtí àti gbólóhùn yẹn bá pàdé níbì kan, ìkọ́ṣẹ́ ni wọ́n ń jẹ́. Ọkùnrin náà pa obì, ó ní òun ti gbọ́. Ó gbọ́ lóòótọ́. Èmi ni mi ò gbọ́ ara mi.

Ọdún méjì kọjá. Lọ́jọ́ kan mo gbé aṣọ tí mo rán lọ fún àwọn olókùú kan ní Agídí, mo bá ẹgbẹ́ náà níbẹ̀. Àwọn ọkùnrin jókòó sábẹ́ igi, wọ́n ń mu bíà. Ọmọ mi, tó máa lùlù fún wákàtí mẹ́rin, wà nídìí omi gbígbóná, ó ń tu ìyẹ́ adìyẹ. Ìyẹ́ ti lẹ̀ mọ́ ọn lápá dé ìgúnpá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni abọ́ kan wà tí ìbọ̀sẹ̀ Pàtírọ́n ń rẹ nínú rẹ̀. Òórùn méjèèjì pa pọ̀, ó ṣì wà nímú mi títí di òní.

Mo bi í pé kí lèyí. Ó wò mí bí ẹni tí ìbéèrè mi yà lẹ́nu, ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Mo gbé aṣọ mi, mo kọjá lọ. Mo rò pé bóyá òfin àwọn olórin ni.

Oṣù tó kọjá ni ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì kan ní Àjàṣẹ́ ránṣẹ́ pè é. Ọ̀dọ́ ni gbogbo wọn. Onílù wọn ti lọ sí Faransé, wọ́n ti gbọ́ bí Sọláńjì ṣe ń lù, wọ́n sì fẹ́ kó bá àwọn ṣeré ní gbọ̀ngàn kan ní Kútọnu. Tó bá dáa lọ́jọ́ náà, ó ti di onílù wọn nìyẹn. Mi ò rí ọmọ mi kó sunkún ayọ̀ rí. Lọ́jọ́ yẹn mo rí i.

Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa ṣeré ló lọ dágbére fún Pàtírọ́n. Ọkùnrin náà bi í pé, "Ta ló líbérè ẹ?"

Ẹ̀yin tí ẹ kò gbé lọ́dọ̀ wa, líbérásíọ́n ni ayẹyẹ tí a fi ń tú ọmọ ìkọ́ṣẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Ẹni tí kò bá ṣe é kò lè dá dúró, ọ̀gá mìíràn kò sì ní gbà á, torí olè ni wọ́n máa pe ọ̀gá bẹ́ẹ̀. Pàtírọ́n kò fi mọ síbẹ̀. Ó pe Màsíálì, olórí ẹgbẹ́ Àjàṣẹ́, ó ní ọmọ ìkọ́ṣẹ́ òun ló fẹ́ jí gbé yẹn. Káfíńtà ni bàbá Màsíálì, ó mọ àṣà náà dáadáa. Màsíálì bẹ Sọláńjì pé kó má bínú, pé bí kò bá tíì yanjú ọ̀rọ̀ náà di ọjọ́ Ẹtì, àwọn máa mú onílù mìíràn.

Ní aago mẹ́wàá àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, èmi àti ọmọ mi ti dé ilé Pàtírọ́n. Ó na ẹsẹ̀ lórí àga, ó ń fi igi tín-ín-rín ta eyín. Akànní, tó ń ta gítà báàsì fún un, jókòó nítòsí, ó ń pààrọ̀ okùn gítà rẹ̀.

"Ìyá Sọláńjì, ẹ káàbọ̀. Ẹ wá gbé ọmọ yín sá lọ ni?"

Mo kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo ní ọmọ mi kì í ṣe ọmọ ìkọ́ṣẹ́.

"Àbí? Ṣebí ọ̀gá aránṣọ lẹ̀yin náà. Ẹni tó gbé obì wá, tó ní òun fa ọmọ lé yín lọ́wọ́, kí lẹ máa ń pe ọmọ ọ̀hún? Àlejò?"

Akànní rẹ́rìn-ín sínú gítà rẹ̀. Ojú tì mí. Mo bi í pé kí ló wá kọ́ ọmọ náà, nígbà tó jẹ́ pé ó ti mọ ìlù kó tó mọ ọ̀nà Sákẹ́tẹ́. Ó ní òun kọ́ ọ ní sùúrù.

Sùúrù adìyẹ títu.

Ó wá ka ohun tó fẹ́ sílẹ̀. Kí Sọláńjì kúnlẹ̀ ní gbangba, kí òun da àtíkè lé e lórí, kí òun fi igi ìlù lé e lọ́wọ́, kí wọ́n ya fídíò rẹ̀, kí Sọláńjì sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé Pàtírọ́n ló kọ́ òun nílù. Bí ó ṣe sọ ọ́ tán ni ó tu ohun tó yọ láàárín eyín rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ bàtà mi ló bọ́ sí.

Kí n má purọ́ fún yín, mo fẹ́ gbà. Mo ti ń ronú pé ìkúnlẹ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún kò pa èèyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo itọ́ yẹn, ara mi kọ̀ ọ́. Iṣẹ́ mi ló wá yọ mí.

Mo ní ó dáa, àmọ́ ìdánwò ló máa ń ṣáájú líbérásíọ́n. Lọ́dọ̀ àwa aránṣọ, ọmọ yóò rán aṣọ níwájú ọ̀gá, ọ̀gá yóò sì fi ọwọ́ tọ́ka sí ibi tí kò ti dáa. "Kí ọmọ yìí lùlù, Pàtírọ́n, kí ẹ sọ àbùkù rẹ̀ fún wa."

"Ẹ rò pé mi ò lè sọ ọ́?" Ó ṣẹ́wọ́ sí Sọláńjì. "Ó yá, lọ jókòó."

Yàrá iwájú ni bátìrì wọn wà. Ìlù ńlá kan wà nínú rẹ̀ tí a kì í fi ọwọ́ lù, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni a fi ń tẹ pẹ́dà rẹ̀. Sọláńjì jókòó. Mo rí i tó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kúrò lórí pẹ́dà yẹn, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹrẹsẹ. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń fò bí ẹyẹ, ìlù ńlá kò dún lẹ́ẹ̀kan. Mo ń ṣọ́ ẹsẹ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò mì. Akànní náà ti rí i, ó ti gbàgbé okùn gítà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Pàtírọ́n dijú, ó ń mi orí. Nígbà tí Sọláńjì parí, ó wúkọ́.

"Ọwọ́ dáa. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló wúwo jù. Láti èṣí ni mo ti ń sọ ọ́ fún un, ẹsẹ̀ yẹn ń bo orin mọ́lẹ̀."

"Ẹsẹ̀ ọ̀tún wo, Pàtírọ́n?" Akànní bi í jẹ́jẹ́.

"Ọ̀tún mélòó ló ní?"

Akànní di ògiri mú, ẹ̀rín fẹ́ pa á. "Èyí tó fi tẹlẹ̀ yìí? Ilẹ̀ kò sọ pé ó wúwo o, Pàtírọ́n. Ẹ̀yin nìkan lẹ gbọ́ ọ."

Pàtírọ́n dìde, ó wọ inú ilé lọ. Akànní pe Màsíálì lójú wa, ó ní ọmọ yìí kò ní ọ̀gá kankan ní Sákẹ́tẹ́, kí wọ́n máa retí rẹ̀. Bí a ṣe ń jáde ni mo gbọ́ ohùn Pàtírọ́n láti inú ilé, ó ń béèrè bóyá a mú ọtí dání.

Ẹ bá mi wò ó. Ọtí.

Sọláńjì lùlù ní Kútọnu ní Sátidé, wọ́n sì ti gbà á. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ń rí mi lára jù lọ kì í ṣe ọkùnrin yẹn. Nínú tásíì tí a wọ̀ padà sí Pọ́bẹ̀ ni mo bi ọmọ mi pé kí ló dé tó fi tu adìyẹ, tó fọ ìbọ̀sẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni fún ọdún méjì, tí kò sì fi ẹjọ́ sùn mí.

Ó ní, "Màmá, mo rò pé ẹ mọ̀. Ẹ̀yin lẹ fà mí lé e lọ́wọ́, mo wà níbẹ̀. Mo ní bóyá ohun tí ẹ fẹ́ nìyẹn, mi ò fẹ́ kí ojú tì yín."

Mo ń wọn gbólóhùn mi yẹn lọ́kàn títí a fi dé ilé.

Ẹ̀yin òbí bíi tèmi, ẹ wọn ọ̀rọ̀ kí ẹ tó fi ọmọ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ pé kí wọ́n bá yín ṣọ́ ọ lẹ fẹ́, ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kí ẹ sì sọ ọ́ lójú ọmọ náà, kó lè mọ ohun tí kò yẹ kó fara dà nítorí yín. Ṣé ọmọ tiyín náà ti fara da ohun kan rí torí pé ó rò pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ bẹ́ẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Kí n mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan.