Ògiri Ẹ̀yìn Pẹpẹ

Orí àtẹ̀gùn ni mo ti kọ́kọ́ pàdé Ìyá Nhàn, ní ọdún tí mo kó dé ilé alájà márùn-ún tí a jọ ń gbé ní Hà Nội. Ó gbé ike ọ̀dà funfun lọ́wọ́, ó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ abíyá, ó sì ń rọra gun òkè bí ẹni tí kò fọkàn tán ilẹ̀. Ó wo ọwọ́ tí mo fi ti ògiri, ó ní, "Àlejò, yọwọ́ kúrò níbẹ̀. Ògiri yẹn ń làágùn ju èèyàn lọ." Kò rẹ́rìn-ín. Ó wọlé rẹ̀ ní àjà kejì, ó sì tilẹ̀kùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ọ̀dà yẹn kọ́ ni àkọ́kọ́, àti pé kò ní jẹ́ ìkẹyìn.

Ilé iṣẹ́ òwú ni Ìyá Nhàn ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ohun tí ó kọ́ níbẹ̀ kò fi í sílẹ̀ mọ́: ohun gbogbo ní àyè tirẹ̀. Bàtà gbọ́dọ̀ tò sí ẹnu ọ̀nà kí gbogbo imú wọn kọjú sí ìta. Aṣọ ìnura gbọ́dọ̀ ká sí mẹ́ta, kì í ṣe méjì. Yàrá méjì péré ni ilé náà ní, òun, Khoát ọmọ rẹ̀, Diễm ìyàwó Khoát, àti Mận ọmọ wọn tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sì jọ ń gbé ibẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá wọlé á rò pé ilé náà tóbi, nítorí kò sí ohun tó dùbúlẹ̀ síbi tí kò yẹ.

Ibi tí ó ga jù nínú yàrá iwájú ni pẹpẹ wà. Quế, ọkọ Nhàn, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan pákó rẹ̀ mọ́ ògiri nígbà tí ó wà láyé, ó gbé fọ́tò àwọn òbí rẹ̀ sórí rẹ̀, ó sì gbé àwo tùràrí síwájú wọn. Nígbà tí òun náà kú, fọ́tò tirẹ̀ dara pọ̀ mọ́ tiwọn. Bí ọdún bá ń parí, Nhàn á gun àpótí, á fi ọwọ́ kan di àwo tùràrí mú gírígírí, á sì fi èkejì nu eruku yí i ká. Kò jẹ́ kí àwo náà yẹ̀ rárá. Ẹni tí ó bá ṣí àwo tùràrí nípò láìtọrọ àyè, bí ẹni tí ó lé àwọn àgbà jáde nílé ni.

Nínú yàrá tí Mận ń sùn, lẹ́yìn ògiri kan náà, ni àwọ̀ dúdú ti kọ́kọ́ yọ. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Nhàn fi omi apakòkòrò tí òórùn rẹ̀ ń ta ojú fọ̀ ọ́, ó sì kùn ún. Nígbà tí ọdún yí po, tí afẹ́fẹ́ òkun tó kún fún omi tún dé, tí ilẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn, ó tún yọ, ó sì ti tẹ́ bí ẹní. Ó tún fọ̀ ọ́, ó tún kùn ún. Ògiri ń bu, ó ń kùn ún; ó ń kùn ún, ògiri ń bu.

Mận wá bẹ̀rẹ̀ ikọ́. Bí ó bá sùn, èémí rẹ̀ á máa súfèé bí kẹ́tùlù tí omi rẹ̀ fẹ́ hó. Khoát gbé e lọ sí ọsibítù, ohun àkọ́kọ́ tí dókítà bi í ni pé, "Ṣé ògiri ilé yín ń bu?"

Nígbà tí Khoát dé, kò jókòó. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú sí mi. Bí ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi Mận bá fi máa gba ìsinmi, tí ògiri yìí bá ṣì rí báyìí, màá kó ìyàwó àti ọmọ mi lọ."

"Lọ síbo?"

"Ibi tó bá gbẹ, Màmá."

Láti ọjọ́ náà ni Nhàn ti ń wá ẹni tó ń ba ilé jẹ́ kiri, kò sì pẹ́ kí ó tó rí i. Diễm ni. Ìsàlẹ̀ gúúsù pátápátá, láàárín àwọn ẹ̀ka odò, ni wọ́n ti bí Diễm, níbi tí wọn kì í ti í pa fèrèsé dé. Ní Hà Nội, bí ilẹ̀ bá ti ń làágùn, ṣe là ń ti gbogbo fèrèsé pa títí òòrùn á fi dé. Diễm kò lè fara mọ́ ọn.

"Ta ló ṣí fèrèsé yìí?"

"Èmi ni, Màmá. Ilé ń rùn."

"Ilé ń rùn, ìwọ wá ránṣẹ́ pe òkun kó wá bá wa gbé? Wo ilẹ̀! Tí mo bá da ẹja síbẹ̀, á lúwẹ̀ẹ́ dé ilé ìdáná."

"Ní ilé wa, Màmá, tí ilé bá ń rùn, fèrèsé là ń ṣí."

"Ní ilé yín, ẹ̀yin àti ọ̀pọ̀lọ́ lẹ jọ ń sùn lórí ẹní. Ilé èèyàn rèé."

Diễm ti fèrèsé. Khoát tẹjú mọ́ fóònù rẹ̀ bí ẹni pé inú rẹ̀ ni wọ́n kọ ìwòsàn ikọ́ sí. Ní ọjọ́ kejì Nhàn fi wáyà so ọwọ́ fèrèsé pọ̀, ó lọ́ ọ títí kò fi ṣeé tú. Wọ́n ra ẹ̀rọ tí ń fa omi inú afẹ́fẹ́, Nhàn sì ń da omi rẹ̀ nù ní àràárọ̀ tayọ̀tayọ̀, bí ẹni tí ó mú olè. Fèrèsé wà ní títì. Ilẹ̀ gbẹ. Ṣùgbọ́n ògiri kò gbẹ, ó túbọ̀ ń dúdú ni.

Ìyá Thoan, tí ń gbé lókè orí wọn, sọ̀ kalẹ̀ wá mu tíì. Òun àti Nhàn jọ ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ kan náà nígbà èwe, kò sì sí ohun tí wọn ò lè sọ sí ara wọn. Ó wo wáyà ara fèrèsé, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá Khoát, ìyàwó ọmọ lo fẹ́ tì mọ́lé ni àbí afẹ́fẹ́?"

"Afẹ́fẹ́ tó ń pe ara ẹ̀ ní ìyàwó ọmọ."

"Ọmọ yẹn ò lè da omi tó tó yìí láyé ẹ̀." Thoan dìde, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ògiri kiri, bí ẹni tó ń wò bóyá ara ọmọdé gbóná. Abẹ́ pẹpẹ ló ti dúró. "Ibí ló tutù jù. Ṣé o ti wo ẹ̀yìn pákó yìí?"

"Ẹ̀yìn ẹ̀ gbẹ."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Quế ló kàn án síbẹ̀. Ó gbẹ."

Thoan mu tíì rẹ̀ tán, ó gòkè padà lọ.

Nígbà tí ó lọ, Nhàn tan tùràrí, ó kó owó bàbà méjì sínú àwo pẹrẹsẹ. Bí ọ̀kan bá ṣíjú tí èkejì dojúdé, àwọn àgbà gbà pé kí wọ́n sún àwọn nìyẹn. Ó dà á: méjèèjì dojúdé. Ó tún un dà: méjèèjì dojúdé. Ó kó owó náà pa mọ́, ó sì mí kanlẹ̀. Kì í ṣe ìbànújẹ́ ló mú un mí bẹ́ẹ̀. Ara rẹ̀ ló fúyẹ́. Wọ́n ti kọ̀, kò sì sí ohun tí òun tún lè ṣe.

Àárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni èémí Mận há. Ètè rẹ̀ dúdú bí aró, Diễm gbé e sáré sọ̀ kalẹ̀ láì wọ bàtà. Wọ́n dá a dúró ní ọsibítù, wọ́n fi ìbomú sí i nímú. Nígbà tí wọ́n gbé e padà wálé, Khoát ti di àpótí aṣọ méjì sẹ́nu ọ̀nà. Kò dúró de ìsinmi ilé ìwé mọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Khoát lọ wá ọkọ̀, Diễm ń di ẹrù nínú yàrá. Mận jókòó lórí ẹní ní yàrá iwájú, ó ń wo òkè.

"Ìyá àgbà, Bàbá àgbà ń hu irùngbọ̀n."

"Bàbá rẹ àgbà kì í dá irùngbọ̀n sí. Àràárọ̀ ló ń fá a."

"Kò fá a mọ́ báyìí. Ẹ wò ó. Ó dúdú."

Nhàn gun àpótí. Lábẹ́ dígí, láti ọrùn Quế dé àgbọ̀n rẹ̀, àwọ̀ dúdú ti hù, ó sì ti ń gùn lọ sí ẹnu. Ó gbé fọ́tò náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ rin gbingbin. Ó ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn pákó, ìka rẹ̀ sì wọnú ògiri bí ìgbà tí èèyàn fi ìka bọ ẹ̀kọ.

Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá àwo tùràrí mú. Kò wá owó bàbà.

"Bàbá Khoát," ó ní, "ẹ dìde. Ilé ti rin lẹ́yìn yín." Ó gbé àwo náà sọ̀ kalẹ̀, eérú sì dà sí i láyà. Ó pariwo sí yàrá: "Ìyá Mận! Wá bá mi di pákó yìí mú."

Diễm dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn. "Màmá, ṣé wọ́n ti gbà?"

"Mi ò bi wọ́n. Dì í mú."

Àwọn méjèèjì tú pákó náà. Gbogbo ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Láàárín rẹ̀, níbi tí sìmẹ́ńtì ti wó, páìpù omi tó gòkè lọ sí ilé Thoan ti dípẹtà, omi sì ń kán lára rẹ̀, tó, tó, tó, láì kánjú.

Diễm wò ó. Ó ní, "Kì í ṣe fèrèsé."

Nhàn gbọn eérú kúrò láyà rẹ̀. "Kì í ṣe fèrèsé," ó ní.

Púlọ́ńbà wá ní ọjọ́ kejì, ó pààrọ̀ páìpù. Ṣùgbọ́n ògiri tó ti mu omi fún ọdún mélòó kan kì í gbẹ bí aṣọ, àyà ọmọ kò sì lè dúró dè é. Ọkọ̀ tí Khoát lọ wá kó wọn lọ. Nhàn kò bẹ̀ ẹ́. Ó to bàtà Mận sínú báàgì, imú wọn kọjú sí ibì kan náà. Nígbà tí ilé dá páropáro, ó mú ẹ̀mú, ó sì tú wáyà ara fèrèsé díẹ̀díẹ̀.

Ìyá Nhàn ṣì ń gbé àjà kejì. Ògiri ti gbẹ. Pẹpẹ wà lára ògiri òdìkejì nísinsìnyí, àyè ọwọ́ kan sì wà láàárín òun àti ògiri. Fọ́tò Quế àtijọ́ náà ló ṣì wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú ti àwọn òbí rẹ̀, nítorí kò sí òmíràn, àwọ̀ dúdú sì ti jẹ àgbọ̀n rẹ̀ tán. Mận ń gbé lódìkejì odò pẹ̀lú àwọn òbí rẹ̀. Ó máa ń wá ní ọjọ́ Sátidé, kì í sùn mọ́jú.